Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ẹ̀dá Tó Ń Gbé Inú Òkúta ní Abẹ́òkúta

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni kí ẹ jáde, nígbà tí ọyẹ́ bá ti fa omi ilẹ̀ gbẹ. Ìgbà yẹn ni òkúta ìlú wa fi díẹ̀ jọ ti aṣálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ má gbẹ́ Olúmọ o, ibi ọ̀wọ̀ ni. Ẹ fojú wo ipa dúdú tí omi òjò máa ń gbà ṣàn lára irú àpáta bẹ́ẹ̀: cyanobacteria, ìyẹn àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ló sábà máa ń kun àpáta dúdú báyẹn. Àmọ́ òde òkúta nìyẹn wà. Ti inú àti ti abẹ́ òkúta là ń wá.

Ẹ wá òkúta quartz, èyí funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, tí ìdajì rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ tí koríko kò hù. Ẹ yí i padà. Bí ohun alààyè bá wà níbẹ̀, ẹ ó rí àmì aláwọ̀ ewé tó yí òkúta náà ká bí ìgbànú, nísàlẹ̀ ibi tí ó ti wọ ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀, oòrùn kò sì lè fa omi rẹ̀ tán. Kì í ṣe gbogbo òkúta ló ní in. Ní ti gíránáìtì, èyí tó ti ń ṣí ní pèlé-pèlé ni kí ẹ fi òòlù àti ṣísẹ̀lì rọra ṣí, kí ẹ sì fi awò bo ojú. Inú sísán ibẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Àwọ̀ ewé nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí àwọn èròjà òkúta mìíràn náà ní in. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn erùpẹ̀ kúrò dáadáa, torí gbòǹgbò àti ewé kéékèèké á tàn yín jẹ. Ẹ fi abẹ ha ìwọ̀n èékánná kan sínú ìgò kékeré, ẹ da ṣíbí tíì kan sípíríìtì tí kò láwọ̀ sí i, ẹ gbé e sínú òkùnkùn di ọjọ́ kejì. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí i nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Bí omi náà bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, chlorophyll ni, èròjà aláwọ̀ ewé tí ewéko fi ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Àpòòwé ni kí ẹ kó èyí tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá á mú un láàgùn, ebu á sì bò ó. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọjọ́ àti ojú tó wà lókè, torí sípíríìtì á pa yíǹkì rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ fi omi tu ìgbànú òkúta náà lójú kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn, ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta ti tó, torí omi púpọ̀ lè pa irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú iyọ̀ òkúta ń rí omi gbà nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá dé nǹkan bí 75%, torí iyọ̀ náà máa ń fà á mọ́ra. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ síbẹ̀ ní 2015 àti 2017, adágún omi dúró níbi tí kò sí rí. Ìwádìí tó jáde ní 2018 sọ pé 75% sí 87% irú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà ní ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló pòórá nínú adágún wọ̀nyẹn: omi ya wọ inú wọn, wọ́n bẹ́. Òjò tó yí ìwà padà lè pa wọ́n bí ọ̀dá ṣe lè pa wọ́n.

Ẹ mú òkúta 10, ẹ kọ nọ́ńbà síbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ máa ya fọ́tò ìsàlẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú owó ẹyọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ dé àti ọjọ́ tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí òkúta ti padà sínú ihò rẹ̀, ojú tó wà lókè kó ṣì wà lókè. Oòrùn ọ̀sán kan lè jó ìgbànú náà gbẹ.