Bí Mo Ṣe Sá Efínrín, Tí Mo sì Fi Se Sóbò àti Ọbẹ̀ Ẹja

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, ìdì efínrín tí àwọn ìyá ẹlẹ́wé ń tà ní ọjà Ojúwòyè ní Múṣin a máa kéré sí i, owó rẹ̀ kì í sì í kéré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra púpọ̀ ní oṣù kọkànlá, kí n lè sá a pamọ́.

Orí páànù ni mo kọ́kọ́ sá a sí, bí ẹni ń sá èlùbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ti gbẹ háúháú, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, nígbà tí mo sì fọ́ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kò ta sánsán ju koríko lọ. Ìyá tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí: "Ọmọ mi, òórùn lo rà, o wá gbé e fún oòrùn."

Òótọ́ ni màmá sọ. Inú òróró tó wà lára ewé ni òórùn efínrín wà, ooru a sì máa lé e lọ. Thymol, èròjà olóòórùn tó pọ̀ nínú òróró náà, wà nínú táìmù tí a ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù pẹ̀lú, ìyẹn ni òórùn àwọn méjèèjì fi jọra. Nítorí náà, mo ra òmíràn, mo gbọn omi rẹ̀ dànù, mo sì so ó rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìdáná, níbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Èyí tí mo dì nípọn jù bu láàárín. Àwọn ìdì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ ní ọjọ́ 7, wọn kò sì ṣá. Odindi ewé ni mo rọ sínú ìgò, ìgbà tí mo bá fẹ́ lò ó ni mo ń fọ́ ọ.

Fún sóbò, mo se ife ìsápá gbígbẹ 2 àti atalẹ̀ nínú omi lítà 3. Nígbà tí mo se efínrín pọ̀ mọ́ ọn, gbogbo àdúgbò ló gbóòórùn rẹ̀, àwa tí a mu ún kò rí nǹkan kan. Nísinsìnyí, tí mo bá ti pa iná ni mo ń da ṣíbí ìjẹun 1 sí i, mo sì ń dé e pa fún ìṣẹ́jú 15. Kódà omi tó sẹ̀ sábẹ́ ọmọrí ìkòkò, mo ń gbọ̀n ọ́n padà sínú rẹ̀ ni.

Ti ọbẹ̀ ẹja àrọ̀ yàtọ̀. Efínrín tútù ló ń wọlé kẹ́yìn. Gbígbẹ ń fẹ́ bí ìṣẹ́jú 5 lórí iná kí ó tó rọ̀. Ṣíbí ìjẹun 2 ni mo kọ́kọ́ bù sí i, ó korò débi pé ọkọ mi béèrè bóyá àgbo ibà ni mo sè. Ṣíbí tíì 1 ni mo ń lò báyìí, kò sì tíì béèrè mọ́.