Bí a ṣe ń fi àjẹsára àti èròjà oúnjẹ ká Salmonella lọ́wọ́ kò lára adìyẹ

Adìyẹ tó gbé irú kòkòrò Salmonella tó ń fún èèyàn ní ìgbẹ́ gbuuru kì í sábà ṣàìsàn. Á máa jẹ, á máa mu, á máa yé, títí kòkòrò náà yóò fi bá ẹyin dé ilé ìdáná ní Kubwa tàbí Nyanya ní Àbújá. Ẹ má wulẹ̀ dúró de àmì àìsàn.

Ilé adìyẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ gbé àpò oúnjẹ sórí pákó kó má kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì dí gbogbo ihò eku. Ẹja lílọ̀ àti egungun lílọ̀ tí a ń pò mọ́ oúnjẹ lè gbé Salmonella wọlé, torí náà ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá kan àjẹsára. Ẹ bi dókítà ẹran pé: "Salmonella wo lèyí wà fún?" Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Vom, ní Ìpínlẹ̀ Plateau, tàífọ́ọ̀dù adìyẹ ló wà fún, àrùn tó ń pa adìyẹ gan-an ṣùgbọ́n tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èèyàn. Irú Salmonella tí wọ́n ń pè ní Enteritidis àti Typhimurium ló ń da àwa èèyàn láàmú, wọ́n sì ní àjẹsára tiwọn. Kò sí èyí tó ń pa kòkòrò náà tán pátápátá. Ó ń dín iye tí adìyẹ ń ṣu síta kù ni.

Ibi tówó ti ń wọgbó jù nìyí. Púpọ̀ nínú àjẹsára wọ̀nyí ló ní kòkòrò tó ṣì wà láàyè nínú. Inú kúlà ni kẹ́ ẹ fi gbé e, ní 2 sí 8 °C, kí ìgò má kan yìnyín. Pẹ̀lú oòrùn Àbújá lóṣù kẹta, ìdájí ló dáa jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fún adìyẹ ní oògùn apakòkòrò lọ́jọ́ kan náà "kí ara wọn lè le", àjẹsára yẹn lẹ ń pa! Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń mu ni, omi ẹ̀rọ tó ní klórínì náà yóò pa á. Ẹ lo omi kànga, tàbí kẹ́ ẹ da mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá, gíráàmù 2.5 sí lítà 1, sínú omi náà kẹ́ ẹ tó fi àjẹsára sí i. Ẹ gba omi lọ́wọ́ wọn fún wákàtí kan tàbí méjì kí òǹgbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Bróílà kì í pẹ́ láyé, èròjà oúnjẹ ló wúlò fún wọn jù. Ásíìdì bíi formic àti propionic kì í jẹ́ kí Salmonella gbèrú nínú oúnjẹ. Ẹ tẹ̀lé ìwọ̀n tó wà lára ike; bó bá pọ̀ jù nínú omi, adìyẹ á kọ̀ ọ́, irin á sì dípẹtà. Ẹ má lò ó lọ́jọ́ àjẹsára.

Àwọn kòkòrò ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní probiotic náà wà. Lọ́dún 1973, onímọ̀ sáyẹ́nsì kan tó ń jẹ́ Nurmi ní Finland fún àwọn ọmọ adìyẹ ní ohun tó wà nínú ìfun àgbà adìyẹ tí ara rẹ̀ le, Salmonella kò sì ríbi jókòó sí nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ fún wọn látọjọ́ tí wọ́n bá dé.

Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́, ẹ gba gọ́ọ̀sì (aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) mímọ́ lọ́wọ́ ilé àyẹ̀wò, ẹ fi tutù díẹ̀, ẹ wé e mọ́ bàtà, ẹ rìn yíká lórí lẹ́búlẹ́bú igi inú ilé adìyẹ, kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀sì náà sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ sì gbé e padà fún wọn lọ́jọ́ náà.