Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì Corolla mi

₦60,000 ti bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò mi gan-an. Corolla 2005 ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e láti Ifẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Iléṣà. Bí mo bá ti dé ọ̀nà Òṣú, tí mo tẹ̀ ẹ́ kí n lè kọjá tírélà, ńṣe ni agbára ẹ́ńjìnnì yóò máa já, tí gbogbo ara mọ́tò á máa gbọ̀n.

Mẹkáníìkì ní kọ́ìlì ni, èyí tó ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná. Mo ra tòkunbọ̀ méjì, ₦28,000, kò yí padà. Ó tún ní pílọ́ọ̀gì ni, èyí tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ₦22,000. Owó iṣẹ́, ₦10,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, jíjá tún bẹ̀rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo ní n ó tú u fúnra mi.

Yíyọ kọ́ìlì tó jókòó lé pílọ́ọ̀gì lórí, súpánà 10 ti tó. Ẹ sáà jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Pílọ́ọ̀gì kìíní àti èkejì jáde wẹ́rẹ́.

Ẹ̀kẹta kọ̀ jálẹ̀. Mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì 16 bọ̀ ọ́, mo yí i, kò mira. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yìí, irin ni ọrùn pílọ́ọ̀gì. Bí èèyàn bá fipá fà á, tíréèdì inú ihò, ojú tí a ń wé pílọ́ọ̀gì mọ́, ló máa bá a jáde, gbèsè ńlá nìyẹn. Àyà mi ń já. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, aago kan ọ̀sán kọjá, ibi tó wà náà ló wà.

Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Parakin, tó ti ṣe mẹkáníìkì rí, ló yà wò mí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò náà. "Àbúrò, yanrìn ni wọ́n dè mọ́ ọn yìí. Má fipá mú un." Ó ní kí n fọ́n WD-40, òróró tó ń tú irin tó há, sí i, kí n fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i: díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn, kí n tún fọ́n sí i. Ó ké kíẹ́ẹ́, ó sì tú. Mo pariwo!

Ìgbà tí mo gbé e sójú oòrùn ni mo rí i pé tánganran funfun rẹ̀ ti sán, ipa iná dúdú tò lójú sísán náà bí ẹni fi pẹ́ńsùlù fà á. Páálí rẹ̀ pè é ní iridium, irú irin líle kan, bẹ́ẹ̀ irin àárín rẹ̀ ki bí igi ìṣáná. Ti iridium máa ń tín-ín-rín ni. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.

Mo wá pílọ́ọ̀gì Denso SK16R11, èyí tí ìwé mọ́tò náà dárúkọ. 11 tó gbẹ̀yìn yẹn ni àlàfo ẹnu rẹ̀, 1.1 mm. Ọwọ́ lásán ni mo fi wé e wọlé títí ó fi jókòó, kí n tó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì fún un ní ìdajì àyípo. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fẹ́ eruku kúrò nínú ihò kí n tó tú ohunkóhun, ǹ bá sì ti wo ẹnu pílọ́ọ̀gì níwájú ẹni tó tà á.

Mo kó ayédèrú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà lọ bá a. Ó ní mo ti lò ó, òun ò lè dá owó padà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo kọjá tírélà méjì lọ́nà Òṣú, mọ́tò ò já lẹ́ẹ̀kan.