Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹ bá fẹ́ ra jíìpù àlòkù tó ti pẹ́, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ tó tan án rárá kí ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín nìyẹn; ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àṣírí: ariwo ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì àti èéfín àkọ́tàn ti lè lọ kí ẹ tó dé. Tí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì náà wò. Tí nǹkan funfun tó ki bí ògì bá lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti máa wọnú ọ́ìlì; èmi ò ní dúró ná an. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á gun òkè gíga bí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè ní Èkìtì, torí títì tó tẹ́jú kì í sábà fi àìsàn jíà hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí ọkọ̀ ò sì sáré, jíà ti ń yọ̀. Àmọ́ gbogbo àyẹ̀wò yìí ò lè sọ bóyá ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá rí: panẹbítà ni kí ẹ mú dání fún ìyẹn.