Ọ̀nà àbùjá fún ìbéèrè "ó kéré tán, ọ̀kan"
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Kàbà dé Ìsánlú, bí ìbéèrè ìṣeéṣe bá ti ní "ó kéré tán, ọ̀kan", ẹ wá ìṣeéṣe pé kò ní sí rárá, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú 1, nítorí pé bí a bá pa ìṣeéṣe méjèèjì pọ̀, 1 ni wọn yóò jẹ́. Bí máńgòrò 10 bá wà nínú apẹ̀rẹ̀, tí 3 ti jẹrà, tí a sì mú 2 láìwò, ìṣeéṣe pé méjèèjì dára ni 7/10 × 6/9, èyí tí í ṣe 7/15; bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 1, 8/15 ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì ti jẹrà; ìdáhùn wa nìyẹn. Ẹ fi ojú sí 6/9 yẹn gidigidi, torí pé máńgòrò kan ti kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń bọ́. Bí ìbéèrè bá ní "ọ̀kan ṣoṣo", ọ̀nà yìí nìkan kò tó.