Ẹ wo òǹtẹ̀ ara páálẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbé e

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti fi pákó àlòkù kan bẹ́ńṣì síta gbangba, ẹ jọ̀ọ́, òǹtẹ̀ HT ni kí ẹ máa wá lára páálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àtẹ pákó tí wọ́n máa ń to ẹrù lé. Tí ẹ bá rí MB, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ igi tó nípọn ni òǹtẹ̀ náà máa ń wà, pẹ̀lú àwòrán ṣírí àlìkámà. HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀: pákó náà gbóná dé inú, ó tó 56°C fún 30 ìṣẹ́jú. MB ní tirẹ̀, gáàsì olóró methyl bromide ni wọ́n fín sí i, mi ò sì rí ìdí tí a ó fi gbé irú ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti fi ayùn gé. Àmọ́ òǹtẹ̀ kì í sọ ohun tó ti dà sí pákó lẹ́yìn ìgbà náà o. Èyí tó bá ní àbàwọ́n epo tàbí tó ń rùn, ẹ má mú un, HT ìbáà wà lára rẹ̀ gàdàgbà.