Bí A Ṣe Ń Fi Orúkọ Òbí Ìkókó Sílẹ̀ fún Ètò Ìlera Orí Fóònù

Ètò tí ń fi fóònù rán òbí létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ kò ṣòro láti dá sílẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni kí òbí gbà tọkàntọkàn láti wọ inú rẹ̀, kí ìpè náà sì máa dún lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú ọmọ gan-an. Ìwé lè kún fún nọ́ńbà bí ó bá ṣe wù ú kó kún, nọ́ńbà tí kò lè bá ìyá ọmọ nílé kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ilẹ̀ Yorùbá, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ni mo kọ ìlànà yìí fún.

Kí ẹ tó tọ ẹnikẹ́ni lọ, ẹ mọ ìgbà tí ẹ ó máa pè é. Ní Nàìjíríà, kété tí wọ́n bá bí ọmọ ni ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ikọ́ fée àti ti mẹ́dọ̀wú, pẹ̀lú òògùn rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sí i lẹ́nu. Yóò padà wá ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Lẹ́yìn ìyẹn ni oṣù 9, tí yóò gba ti èéyi àti ti ibà pọ́njú, àti oṣù 15, tí yóò gba ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí oṣù 9, yàtọ̀ sí fítámì Éè tí a ń fún ọmọ ní oṣù 6, ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ohun tó ń pe ìyá padà sí ilé ìwòsàn bí ara ọmọ bá le. Ìyá ti padà sí ọjà, káàdì abẹ́rẹ́ ti wọ ìsàlẹ̀ àpótí, ọmọ sì ti ń rá kiri ilé. Àsìkò yìí gan-an ni ìrántí orí fóònù wúlò jù, òun náà sì ni nọ́ńbà tí a fi ìkánjú gbà máa ń di èyí tí kò wọlé mọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa fi oṣù 9 sọ́kàn.

Ibi tí ẹ ó ti kọ́kọ́ rí òbí ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n àkókò tí ẹ ó yàn lọ́jọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá gún ọmọ tán, nítorí ọmọ yóò máa ké, ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ yóò sì máa wò. Ẹ má sì fi í ṣe ìkéde láàárín ọ̀pọ̀ èrò, kí ẹ wá ní kí àwọn tó bá fẹ́ máa bọ̀ níwájú. Ẹ jókòó ti ìyá kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì nígbà tó ń dúró de àyè tirẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n tán. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún: ní orílẹ̀-èdè South Africa, níbi tí ìjọba ti dá ètò MomConnect sílẹ̀ ní ọdún 2014, ilé ìwòsàn aboyún ni wọ́n ti ń forúkọ ìyá sílẹ̀, lórí fóònù lásán tí kò nílò dátà, láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tí kì í bímọ sí ilé ìwòsàn ni ìrántí wúlò fún jù, wọn kò sì ní sí lórí bẹ́ǹṣì yín. Ẹ wá wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti àwọn ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn ìjọ aládùúrà ń ṣe. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí ẹni tó ni ilé, kí ẹ ṣàlàyé pé ẹ kò wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi yín han àwọn ìyálọ́mọ. Bí ẹni tó ni ilé náà bá sọ pé òun mọ̀ yín, ìdajì ọ̀rọ̀ ti tán.

Bí ẹ ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn. Irú èyí ti tó:

“Ẹ kú ewu ọmọ o, ìyá ìkókó. Ọlọ́run á wò ó.”

“Àmín o, nọ́ọ̀sì. Ẹ ṣé.”

“Ṣé ẹ máa fẹ́ kí á máa pè yín bí abẹ́rẹ́ ọmọ bá ku ọjọ́ méjì? Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ lédè Yorùbá ni, kò ní gbé owó lórí fóònù yín.”

“Ṣé kì í ṣe àwọn tó máa ń béèrè BVN yẹn?”

“Rárá o, mà. A kò ní béèrè BVN, a kò ní béèrè nọ́ńbà ATM, a kò sì ní ní kí ẹ fowó ránṣẹ́. Nọ́ńbà tí a ó máa fi pè yín nìyí. Ẹ jẹ́ kí á jọ tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù yín.”

Ẹ jẹ́ kí ó tọ́jú rẹ̀ lójú yín, pẹ̀lú orúkọ bí “Abẹ́rẹ́ Ọmọ”, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbé ìpè tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Bí ó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún bàbá ọmọ, ẹ má ṣe rọ̀ ọ́ jù. Ẹ fún un ní ìwé pélébé kan mú lọ sílé, kí ẹ sì tún béèrè nígbà tó bá padà wá.

Ìbéèrè tó kàn ni ti fóònù. Ẹ má kàn ní kí ó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ béèrè ọwọ́ ẹni tí fóònù náà máa ń wà ní ìrọ̀lẹ́, nítorí fóònù kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé mìíràn, bàbá ọmọ ló sì máa ń mú un jáde. Ẹ gba nọ́ńbà kejì: ti bàbá, tàbí ti ìyá àgbà tó wá bá wọn wẹ ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fìláàṣì nọ́ńbà àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá dún nínú báàgì rẹ̀, ẹ jọ wá ohun tó fà á kó tó dìde. Ìṣẹ́jú kan yìí ni mo kà sí ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fò bí èrò bá pọ̀.

Orúkọ ọmọ náà ní ìlànà tirẹ̀. Ọmọ tí a gbé wá gba abẹ́rẹ́ kó tó pé ọjọ́ 8 kò tí ì ní orúkọ, ẹ má sì fi dandan bi ìyá rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ìyá àti ọjọ́ ìbí kọ ọ́, kí ẹ fi orúkọ ọmọ kún un ní ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá jẹ́ ìbejì, kí ìwé fi hàn pé méjì ni wọ́n.

Lórí ọ̀nà tí ìrántí yóò gbà lọ, èmi yóò yan ìpè ohùn ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀wé. Ètò Kilkari ti orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí ń pe ìyá láti inú oyún títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan, ohùn ni wọ́n ń lò. Àtẹ̀jíṣẹ́ tún ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ kò rò: lẹ́tà 160 ló ń wọ inú ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fi àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ Yorùbá sí i, yóò dín kù sí 70, owó ìfiránṣẹ́ yóò sì lé sí i. Bákan náà, ẹni tó ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 láti dá ìpolówó dúró lè má rí àtẹ̀jíṣẹ́ yín gbà. Ẹ bá iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ má wulẹ̀ ní kí ìyá tú ìdádúró náà sílẹ̀ pátápátá kí ìpolówó lè ya bò ó. Ẹ sì béèrè èdè tó fẹ́. Ní Badagry àti Màkókó, Ègùn lè jẹ́ èdè tí ìyá gbọ́ jù.

Ẹ má ṣe san owó fún olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń bá yín kọ orúkọ òbí sílẹ̀ lórí iye orúkọ tó bá kó wá. Ẹni tí a ń sanwó orúkọ fún yóò kó orúkọ wá, yálà ìyá wà ńbẹ̀ tàbí kò sí. Bí owó yóò bá wà, kí ó jẹ́ lórí nọ́ńbà tó ṣì ń dáhùn ní oṣù kejì lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀.

Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun àṣírí tó nílò ìṣọ́ra ju ti yòókù lọ. Nítorí náà, ẹ gba ìyọ̀ǹda ìyá kí orúkọ rẹ̀ tó dé inú ìwé, kí ìpè má sì sọ ju ọjọ́ abẹ́rẹ́ àti ibi tí a ti ń gbà á lọ, nítorí ẹlòmíràn lè gbé e. Ẹ sọ bí ó ṣe lè dá ètò náà dúró. Ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìpè abẹ́rẹ́ tó bá tún wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì yóò sì dá egbò náà padà. Ẹ yan ẹnì kan ní ilé ìwòsàn tí ìdílé lè pè tàbí rán ẹni sí, tí yóò yọ orúkọ náà lọ́jọ́ kan náà láìbéèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà gbogbo tí ọmọ bá padà wá, kí nọ́ọ̀sì béèrè bí nọ́ńbà bá ti yí padà, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ 14, kó tó dá káàdì padà sọ́wọ́ ìyá. Síìmù a máa sọnù, àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ sì máa ń fún ẹlòmíràn ní nọ́ńbà tí a kò lò mọ́.